Abala Mẹ́sàn-án Tó Kù fún Wozencraft

Sátidé, 11 Ṣẹ́rẹ́

Eré mẹ́fà, a pàdánù mẹ́rin. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sáà nìyẹn. Yìnyín bo gbogbo ojú ọ̀nà Windber, iyọ̀ tí mo rà láti fi yọ́ yìnyín orí àtẹ̀gùn ti di dọ́là mọ́kànlá lápò kan. Ẹ̀rọ tó ń mú gbọ̀ngàn panápaná gbóná tún ti kú, gbogbo wa wọ kóòtù jókòó ti tábìlì, à ń fi káàdì àti dáìsì ṣe eré béésíbọ́ọ̀lù wa, èéfín ń jáde lẹ́nu wa. Káàdì kan, eléré kan: onígi ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ajubọ́ọ̀lù ń jù ú sí i, abala mẹ́sàn-án sì ni eré kan.

Vonda Trexler, akọ̀wé líìgì, ti lẹ bébà ọdún yìí mọ́ ògiri: ẹgbẹ́ mẹ́fà, orúkọ gbogbo káàdì, àti iye abala tí ajubọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lè jù kí sáà tó parí, òun ló sì ń kọ èyí tí wọ́n bá ti lò sí i. Lábẹ́ rẹ̀ ló lẹ òfin kẹrìnlá mọ́, ó sì fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Nítorí tèmi ni. Ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn ní sáà mẹ́ta léra wọn gbọ́dọ̀ fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń dúró. A gbẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá, a gbẹ̀yìn lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Somerset tó ti ń dúró láti ọdún mẹ́rin.

Ludy ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin yẹn, ní ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n dá líìgì sílẹ̀. Òun náà ló ni ẹgbẹ́ Awakùsà. Wọ́n ti ta ilé rẹ̀, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ yìí nìkan ló kù tó ń jẹ́ tirẹ̀. Mo kàn ń bá a dì í mú ni, látìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n tí kò lè da dáìsì mọ́.

Sọ́ńdè, 12 Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ kí Ludy ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Kò tíì jẹ́ kí n bọ́ fìlà tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Àwọn onígi lo kó jọ bí ẹni tó fẹ́ dáná. Ta ni yóò jù?"

"Bọ̀ọ̀dá, ayò la fi ń borí. Ẹni tí kò bá gbá ayò wọlé, kódà kí áńgẹ́lì máa bá a ju bọ́ọ̀lù, òfo ló máa bá délé."

"Dáìsì funfun yẹn, ojú mélòó ló ní?"

"Mẹ́fà."

"Tó bá mú ọ̀kan sí mẹ́ta, káàdì onígi lo máa kà. Tó bá mú mẹ́rin sí mẹ́fà ńkọ́?"

"Ti ajubọ́ọ̀lù."

"Ìdajì-ìdajì. Ìwọ wá lọ gbé gbogbo ara lé ìdajì kan, o sì ń bi mí ìdí tí o fi ń ṣubú." Ó na fóòkì rẹ̀ sí mi. Ọwọ́ ń gbọ̀n débi pé èmi gan-an ń bẹ̀rù fún ojú mi. "Àwọn ajubọ́ọ̀lù rẹ, ìyá wa mọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù jù wọ́n lọ."

Ìyá wa kú ní 1994.

Sátidé, 18 Ṣẹ́rẹ́

Mẹ́ta-mẹ́ta. Arredondo, onígi mi tó dára jù, gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin kọjá ògiri pápá, ayò lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Ohun tó fọwọ́ ọ̀tún kó wálé, àwọn ajubọ́ọ̀lù mi fọwọ́ òsì fi tọrẹ. Ẹyin ti di dọ́là mẹ́fà.

Sátidé, 25 Ṣẹ́rẹ́

A borí méjì, a pàdánù mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn tí a pàdánù ṣì ń dùn mí. Èmi àti Orrin Kessling ni, agẹrun tó ti fẹ̀yìntì, tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀yìntì. Abala mẹ́sàn-án parí, ọ̀kan-ọ̀kan. Abala kẹwàá, kò sí. Wozencraft, ajubọ́ọ̀lù rẹ̀, dúró sójú ibẹ̀, ó ń jù, ó ń jù, Orrin kò yọ ọ́. Ní abala kọkànlá ni wọ́n gbá ayò kejì sí wa lára.

"Emil, ṣé kí n bá ọ gẹ irun tó kù yẹn kúrò? O ti fà á tu tán."

Ludy wà lórí fóònù tí mo gbé sórí tábìlì, bí ó ti máa ń wà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí n sọ fún Orrin pé irun tó gẹ fún òun ní 1987 kò tíì hù dáadáa. Vonda ti lọ síbi ìkòkò háluskì, oúnjẹ núdù òun kábéèjì, kí a tó parí, kò sí lára àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 1 Èrèlé

Ọ̀kan-márùn-ún. N kò fẹ́ kọ ohunkóhun.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Ludy ṣubú nílé ìwẹ̀. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wú, ó sì dúdú lápá kan. Nọ́ọ̀sì bi í pé ọjọ́ wo la wà, ó dáhùn pé ó ku ọjọ́ méjì sí Sátidé. Nígbà tí obìnrin náà jáde, ó sọ fún mi pé, "Ká ní kò sí Sátidé ni, gbogbo ọjọ́ níbí ni ì bá jọ ara wọn. Ǹ bá má mọ̀ bóyá mo ti kú." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níta, mo sunkún, lẹ́yìn náà mo wa ọkọ̀ lọ sílé.

Sátidé, 8 Èrèlé

Mẹ́ta-mẹ́ta. Mọ́kànlá la ti borí nínú ọgbọ̀n. Àwa la ṣì wà nísàlẹ̀.

Sátidé, 15 Èrèlé

Òní ni ọjọ́ ìkẹyìn tí a lè pààrọ̀ káàdì. Láti òwúrọ̀ ni Ludy ti ń pariwo ajubọ́ọ̀lù lórí fóònù. Títí di aago mẹ́ta, mo ti pàdánù mẹ́ta, èkejì wọn jẹ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Ayò mẹ́jọ, mo tún pàdánù! Orrin wá bá mi nídìí kọfí.

"Fún mi ní Arredondo, kí o mú Wozencraft."

Wozencraft. Káàdì rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ibi tí onígi fẹ́ gbà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Vonda ti ìwé. Mo kọ orúkọ mi, Orrin kọ tirẹ̀, Vonda lu òǹtẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Ludy, ó ní, "Níkẹyìn, o ti gbọ́n." Ọdún mélòó ni mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo fi ayọ̀ gbé soséèjì gígùn méjì lọ sílé, mo sì jẹ méjèèjì.

Sọ́ńdè, 16 Èrèlé

Èmi ni òpè. Kí ẹnikẹ́ni má wá a níbòmíràn.

Àga ìjókòó ni mo fẹ́ lọ mú ní gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn, mo bá yà wo ògiri. Ọgọ́ta abala ni wọ́n fún Wozencraft fún gbogbo sáà. Orrin ti lò ó ní mọ́kàndínláàádọ́ta. Abala tí ajubọ́ọ̀lù bá ti lò, ó ń bá káàdì rẹ̀ lọ ibi tó bá lọ ni, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ líìgì lánàá mọ̀ ọ́n. Mọ́kànlá ló kù. Eré kan àti díẹ̀. Mo fi onígi tó dára jù lọ ní gbogbo líìgì ra ọ̀sán ọjọ́ kan. Bébà náà wà lára ògiri láti oṣù kìíní, ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí ibi tí mo ti fọwọ́ sí i. N kò gbójú sókè.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, n kò sì rí làpálàpá náà pa.

Mo délé, mo ṣí ìwé tèmi, mo tún gbogbo rẹ̀ kà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lọ́jọ́ 25 oṣù tó kọjá, sí wa lára, abala mọ́kànlá ló jù. Vonda, tó ti lọ síbi ìkòkò, kọ mẹ́sàn-án. Mọ́kànléláàádọ́ta ló ti lò, kì í ṣe mọ́kàndínláàádọ́ta. Mẹ́sàn-án péré ló kù.

N kò ní láti pe Vonda lónìí. Màá pè é lọ́la.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

N kò tíì pe Vonda. Mo sọ ti mọ́kànlá tó wà lára ògiri fún Ludy. Ó pè mí ní orúkọ kan ní èdè Slovak tí bàbá wa máa ń pe ìbaaka tó wà ní ihò kùsà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi Wozencraft pamọ́ fún eré tó bá le jù. N kò sọ ti abala méjì tí Vonda kò kọ.

Sátidé, 22 Èrèlé

Ọ̀kan-márùn-ún. Nínú eré mẹ́fà, ayò mẹ́jọ. Láìsí Arredondo, àwọn onígi mi dúró síwájú bọ́ọ̀lù bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì. Pelkey, ajubọ́ọ̀lù mi, jù bí ọkùnrin, abala mẹ́jọ láìsí ayò, a sì pàdánù ní òfo sí ọ̀kan. Ṣáájú, mo ń gbá, n kò lè jù. Ní báyìí n kò lè gbá, ẹni tó lè jù sì wà nínú àpótí pẹ̀lú rọ́bà lára.

Vonda béèrè pé ṣé ara mi le. Mo ní otútù ni.

Sátidé, 1 Ẹrẹ́nà

Mẹ́ta-mẹ́ta. Mo pààrọ̀ ìtòlẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó ń sáré ṣáájú, àwọn tó ń gbá kékeré tẹ̀ lé e, mo jáwọ́ nínú fífẹ́ gbá a kọjá ògiri pápá. Ayò kan, ayò kan. Ludy ní báyìí ni mo ń fi ọpọlọ gbá bọ́ọ̀lù. Orrin náà sì ti ń yọ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ó ní Arredondo, kò ní ẹni tó ń jù mọ́. Ẹ wo àwa méjèèjì, ọ̀kan ta ìpìlẹ̀, èkejì ta òrùlé.

Sátidé, 8 Ẹrẹ́nà

Mẹ́rin-méjì! Èyí tó dára jù nínú sáà. Mọ́kànlélógún fún wa, méjìlélógún fún Orrin, àwọn yòókù ti kọjá lọ. Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti òun ni, eré mẹ́fà. Tí mo bá kọjá rẹ̀, àga Ludy wà níbẹ̀. Orrin kò ní ohun tó máa sọnù, kò gbẹ̀yìn rí láyé rẹ̀, ó kàn fẹ́ rí mi fín ni.

Ọjọ́bọ̀, 13 Ẹrẹ́nà

Àyà Ludy ń dún. Dókítà ní omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ Sátidé, mo kà á fún un, ó sì sùn lọ kí n tó dé orí ẹnì karùn-ún. Mo jókòó tì í títí òjò fi dá.

Mo gbé fóònù nígbà méjì lónìí láti pe Vonda. Nígbà méjèèjì ni mo gbé e sílẹ̀.

Sátidé, 15 Ẹrẹ́nà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Nọ́ọ̀sì ní kí n má pe Ludy, oorun ló nílò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, fóònù mi wà nínú àpò. Nínú eré márùn-ún mo borí mẹ́ta. Mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún. Eré kan ṣoṣo ló kù nínú sáà. Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin yòókù parí tiwọn, wọ́n wá yí wa ká pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

Mo yọ rọ́bà kúrò lára Wozencraft. Ó jù gẹ́gẹ́ bí mo ti lálàá rẹ̀. Ayò kan péré ni wọ́n rí gbá ní abala kẹfà, àwa náà gbá ọ̀kan ní ìkẹjọ. Abala mẹ́sàn-án parí: ọ̀kan-ọ̀kan.

Ó yẹ kí n yọ ọ́, abala mẹ́sàn-án tó kù fún un ti tán. Mo mọ̀. Tibbets nìkan ló kù fún mi, mo ti lo gbogbo àwọn tó kù láti àárọ̀. Tibbets, tí kò sí ẹni tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹni tó kàn láti gbá fún Orrin: Arredondo. Arredondo mi.

Orrin lá ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀. "Ó ṣì ní abala bí?"

Vonda bojú wo ògiri. "Méjì ló kù fún un."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo wo káàdì. Mo ní, "Ó dúró."

Orrin da dáìsì. Funfun mú márùn-ún, nítorí náà ti ajubọ́ọ̀lù la kà: Arredondo gbá a sókè lásán, wọ́n mú un. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e náà, bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kàn wá, Lindqvist, onígi mi tí kò gbá ohun gidi kan láti Èrèlé, gbé e kọjá ògiri. Méjì sí ọ̀kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Vonda fi ẹnu kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, Orrin bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Kí Ludy yéé bú irun mi."

Mo ń kó káàdì sínú àpótí nígbà tí mo ṣèèṣì wo ti Tibbets. Dáìsì kan náà, nọ́ńbà kan náà tí Orrin dà fún Arredondo. Lórí káàdì Tibbets, ó kọjá ògiri.

Sọ́ńdè, 16 Ẹrẹ́nà

Ludy ti jí, ó jókòó, rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nímú rẹ̀. Mo sọ fún un pé a borí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kà á fún òun, láti abala kìíní. Mo kà á. Ó di ojú, ó ń fi ìka ka bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń mi orí níbi tó bá dùn mọ́ ọn.

"Ta ló jù ní abala kẹwàá?"

"Wozencraft."

Ìka rẹ̀ dúró. Ọwọ́ tí kì í dúró.

"Ó jù mọ́kànlá sí wa lára nínú oṣù kìíní. Mo wà lórí fóònù. Kí ni Vonda kọ?"

"Mẹ́sàn-án."

"O mọ̀."

"Mo mọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Látìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kejì tí mo rà á." Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń mí. Mo ní, "Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é."

"Mo mọ̀ pé nítorí mi ni. Ìyẹn ló burú níbẹ̀." Ó dúró kí èémí rẹ̀ padà. "Emil, wọ́n ń gé ẹran mi fún mi níbí. Wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi. Gbogbo wọn, àánú ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹní ń bá ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀. Sátidé nìkan ni àwọn ará líìgì ń nà mí nídìí eré bí wọ́n ṣe ń na ọkùnrin. Ìwọ náà wá lọ fi àánú kún un."

Ojú ń tì mí débi pé mo wo bàtà rẹ̀, bàtà onírọ́bà tí wọ́n ń dè fún un.

"Pe Vonda," ó ní.

"Wọ́n á gba àga yín."

"Ta ló kọ òfin kẹrìnlá?"

Mọ́ńdè, 17 Ẹrẹ́nà

Mo pè é ní aago mẹ́sàn-án. Vonda ní, "Èmi ni mo kọ ọ́ ṣì, Emil. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà." Mo ní rárá.

Lọ́sàn-án Orrin pè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ tí kò ṣàwàdà.

"Mo lè sọ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Orrin, ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́."

Ó ní, "Kò burú. Bá mi kí i."

Ajubọ́ọ̀lù tó bá kọjá abala rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdánù eré yẹn nìyẹn. Mẹ́rìnlélógún fún wa, márùndínlọ́gbọ̀n fún Orrin. A gbẹ̀yìn. Ọkùnrin Somerset ti gba lẹ́tà rẹ̀.

Sátidé, 22 Ẹrẹ́nà

Mo jí ní aago mẹ́fà, mo fá irùngbọ̀n, mo wọ kóòtù, kí n tó rántí pé n kò ní ibì kankan láti lọ. Mo jókòó sí ibi ìdáná pẹ̀lú kóòtù lára. Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ àdánù.

Ní aago mẹ́wàá Vonda kan ilẹ̀kùn. Àpótí káàdì ẹgbẹ́ Awakùsà àti ti Orrin ló gbé wá. Ó ní káàdì tuntun ló máa wà fún sáà tó ń bọ̀, àwọn wọ̀nyí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kò wọlé. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kó tó parí ọ̀rọ̀.

Mo gbé wọn lọ bá Ludy. Wọ́n ti yọ rọ́bà nímú rẹ̀. Mo fa tábìlì oúnjẹ rẹ̀ wá, mo fún un ní Awakùsà, mo mú ti Orrin. Ó ní òun fúnra òun ni yóò da dáìsì. Kò nílò láti mi ife dáìsì, ọwọ́ rẹ̀ ti ń mì í fún un. Dáìsì fò kọjá tábìlì, ó bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Má gbé e," ó ní. "Kà á níbi tó wà."

Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo kà á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe gbogbo rẹ̀, òun ń dà á, èmi ń kúnlẹ̀. Ó bú mi fún gbogbo onígi tí mo tò síbi tí kò yẹ.

Wozencraft ló fi síwájú. Nígbà tí abala mẹ́sàn-án parí ní méjì-méjì, mo mú pẹ́ńsù, mo bi í pé abala mélòó ni kí n kọ fún un.

Ó wo káàdì náà. "Títí yóò fi rẹ̀ ẹ́," ó ní.

A wà ní abala kẹrìnlá nígbà tí wọ́n gbé ọbẹ̀ rẹ̀ dé, ó sì ní kí wọ́n gbé e sórí fèrèsé.